Nọ́ńbà Kan Tó Ṣì Lára Àlẹ̀mọ́: Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Pe Ọkọ̀ Padà Nítorí Afẹ́fẹ́ Táyà Sípíà

Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá gba lẹ́tà pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ń pè é padà, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni bíréèkì tó lè kọ̀ láti mú, tàbí ẹ́ńjìnnì tó lè gbiná lójú ọ̀nà. Bó bá wá kà á síwájú, tó rí i pé nọ́ńbà kan péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà sípíà, ó ṣeé ṣe kó ká lẹ́tà náà padà sínú àpòòwé rẹ̀, kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Táyà tó wà nínú búùtù, tí kò tíì kan ilẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún èèyàn?

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ àlàyé yìí, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé irú ìpèpadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣejù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Awakọ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ láti fura bí ọ̀kan nínú táyà mẹ́rin tó ń gbé ọkọ̀ bá ní àléébù. Sípíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ fún un ni nọ́ńbà yẹn, bí nọ́ńbà náà bá sì ti parọ́, kò sí ohun mìíràn tí yóò jẹ́rìí takò ó títí tí ọkọ̀ yóò fi wà lójú títì.

Òfin ló bí àlẹ̀mọ́ tí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ojú pópó, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní FMVSS 110, èyí tó kan ọkọ̀ tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò bá ju kílógíráàmù 4,536 lọ. Ìlànà náà pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ àlẹ̀mọ́ kan tí kì í tètè ṣí mọ́ òpó ilẹ̀kùn ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye èèyàn tí ọkọ̀ lè gbà sí, àti ìwúwo èèyàn òun ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti irú táyà tí ọkọ̀ ń lò, àti iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn àti sípíà nígbà tí wọ́n bá tutù. Táyà tó tutù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú iṣẹ́ yìí, ni táyà ọkọ̀ tí wọn kò tíì wà fún bíi wákàtí mẹ́ta. Òfin kò fi ti sípíà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù, ó ní ìlà tirẹ̀ lára àlẹ̀mọ́ náà, bí ìlà yẹn bá sì ṣì, ọkọ̀ náà kò bá òfin mu, bí gbogbo nǹkan yòókù lára rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré.

Ọ̀nà méjì ni àṣìṣe yìí sábà máa ń gbà wọlé. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà ara àlẹ̀mọ́ ló ṣì. Irú ọkọ̀ kan náà lè jáde láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú sípíà kékeré fún àwọn kan àti sípíà ńlá fún àwọn mìíràn, bí wọ́n bá sì lẹ àlẹ̀mọ́ ti ọ̀kan mọ́ èkejì, àṣìṣe náà ti délé oníbàárà nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ inú táyà dé ibi tí nọ́ńbà náà wí, tàbí kí wọ́n ti fẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni mo kà sí ewu tó burú jù, nítorí afẹ́fẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó lè hàn sí ẹni tó bá fi géèjì wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà bá ti ṣì, ẹni tó fara balẹ̀ jù lọ ni yóò kọ́kọ́ ṣìṣe, torí òun ni yóò lọ wo àlẹ̀mọ́ kó tó fẹ́ táyà rẹ̀.

Kí a tó lè mọ bí àṣìṣe náà ti wúwo tó, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú táyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé róbà ló ń gbé ọkọ̀. Róbà ń ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ sínú rẹ̀ ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, róbà sì dà bí àpò tó gba afẹ́fẹ́ náà mọ́ra. Psi ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà, kPa sì ni ìwọ̀n tí ayé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò. Táyà ọkọ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sábà máa ń wà láàárín 30 sí 36 psi. Sípíà kékeré, èyí tí wọ́n ṣe tín-ínrín kó má bàa gbàyè nínú búùtù, tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà T ṣáájú ìwọ̀n rẹ̀ láti fi hàn pé onígbà díẹ̀ ni, nílò 60 psi, ìyẹn nǹkan bíi 420 kPa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti táyà gidi.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le láti mọ̀. Ká ní ẹrù kílógíráàmù 400 ló wà lórí táyà kan. Bí a bá yọ líle róbà kúrò nínú ìṣirò, ìwọ̀n ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ẹrù náà bí a bá fi agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pín in. Ní 35 psi, táyà náà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 163 níbùú lóròó kan ilẹ̀ kó tó lè gbé ẹrù yẹn dúró. Ní 60 psi, bíi 95 ti tó o. Táyà gidi tó fẹ̀ lójú lè tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó 163 láìsí wàhálà. Sípíà tí ojú rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10 péré ní fífẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti rí i àfi ní gígùn: dípò sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án àbọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe é fún, yóò tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó 16, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ká bọ́ síta bí ara ẹni tí ẹrù tó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kíká yẹn gan-an ni ọ̀ràn wà. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan, irú táyà kékeré bẹ́ẹ̀ ń yí bíi ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní gbogbo ìyípo kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ká tó tún ń nà. Ẹni tó bá ti ká wáyà tín-ínrín síwá sẹ́yìn rí mọ̀ pé kì í pẹ́ kí ojú ibi tó ti ń ká tó gbóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí róbà, ooru sì ni ọ̀tá táyà tó burú jù. Ooru yẹn ń tú ohun tí wọ́n fi lẹ àwọn ìpele inú táyà pọ̀, títí ojú táyà yóò fi ya kúrò lára rẹ̀ tàbí tí táyà yóò fi bẹ́ pátápátá. Kí ó tó débẹ̀ pàápàá, ọkọ̀ yóò ti máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdarí rẹ̀ yóò falẹ̀, bíréèkì kò sì ní mú lọ́gbọọgba lórí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èyí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní lọ́kàn nígbà tó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpèpadà pé agbára ìdarí ọkọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó kàn jẹ́ pé gbólóhùn náà kúrú, kì í sì í ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń débẹ̀.

Àṣìṣe náà lè yí orí padà. Bí sípíà tó wà nínú ọkọ̀ bá jẹ́ táyà ńlá tó bá àwọn mẹ́rin yòókù dọ́gba, tí àlẹ̀mọ́ sì ní kí wọ́n fẹ́ ẹ dé 60, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ti kọjá ààlà tí táyà náà lè gbà, nítorí 44 tàbí 51 psi ni ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré kò gbọ́dọ̀ jù lọ. Táyà tó le jù bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ibi tó ti kan ilẹ̀ ń kéré, bíréèkì ń pẹ́ kó tó dá ọkọ̀ dúró, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, bó bá sì já sí kòtò, kò ní rọ̀ díẹ̀ kó fara da á. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ohun kan níbí: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe iye tó yẹ kí a fẹ́ sí i. Òpin ohun tí táyà náà lè gbà ni. Iye tó yẹ ni èyí tó wà lára àlẹ̀mọ́ ilẹ̀kùn, torí ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló mọ ìwúwo tí táyà náà máa gbé. Àmọ́ lára sípíà kékeré, ara táyà náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ 60 psi sí, èyí sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ fi àlẹ̀mọ́ àti táyà wé ara wọn.

Ẹnìkan lè ní àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, tí yóò tan iná síwájú awakọ̀ bí táyà bá ń jò. Òótọ́ ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni ìlànà FMVSS 138 ti sọ ẹ̀rọ náà di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà, iná náà sì gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá mẹ́rin-ín kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí iye tó yẹ. Àmọ́ òfin kò béèrè pé kí ẹ̀rọ náà máa ṣọ́ sípíà, yálà nígbà tó wà nínú búùtù tàbí nígbà tí wọ́n bá ti gbé e sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, táyà tó yẹ kó gba èèyàn lọ́jọ́ ìṣòro ni a kò yan olùṣọ́ kankan fún.

Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Táyà tí ohunkóhun kò gún máa ń pàdánù nǹkan bíi psi kan lóṣù, ó sì máa ń dín ní bíi psi kan mìíràn fún gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá fi bíi ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù sí i. Sípíà tí wọ́n fẹ́ dé 60 lọ́jọ́ tí ọkọ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ wò fún ọdún méjì, lè ti sún mọ́ 36. Bí ẹni tó ni ín bá wá fi géèjì wọ̀n ọ́n, tó sì bá 36, tó wo àlẹ̀mọ́ tó ṣì tó sọ pé 35, yóò dá a padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ó pé. Bí àṣìṣe àlẹ̀mọ́ àti ìwà afẹ́fẹ́ ṣe ń gbe ara wọn lẹ́yìn nìyẹn, tí wọ́n sì jọ ń fi àléébù náà pamọ́ fún ẹni tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe.

Ó tún yẹ kí a rántí ìgbà tí a máa ń lò ó. Kò sí ẹni tó ń gbé sípíà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí ara bá tù ú. Ó lè jẹ́ lóru, ó lè jẹ́ nínú òjò, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ ńláńlá ń sá kọjá, tí ọmọ wà nínú ọkọ̀, tí ọwọ́ sì ń gbọ̀n lára jáàkì. Kò sí ẹni tí yóò dúró níbẹ̀ ṣe ìṣirò. Yóò dè é, yóò sì máa lọ.

Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa nọ́ńbà afẹ́fẹ́ lọ́nà tó korò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone kéde pé òun ń pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ford Explorer. Ojú àwọn táyà náà ń ya lórí eré, ọkọ̀ ń gbókìtì, àwọn tó kú nínú jàǹbá tí NHTSA so mọ́ àwọn táyà náà sì lé ní 200. Ara ohun tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì jiyàn lé lórí ni iye afẹ́fẹ́: 26 psi ni Ford ti ní kí àwọn oníbàárà máa lò, Firestone sì padà sọ pé 30 ló yẹ kó jẹ́. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló dá jàǹbá náà sílẹ̀, torí àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe táyà ọ̀hún náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ psi mẹ́rin tó lè di ọ̀rọ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́ fi hàn pé nọ́ńbà ara àlẹ̀mọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí òfin TREAD, òfin yìí ló sì ṣí ọ̀nà fún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àti fún àlẹ̀mọ́ tó kún rẹ́rẹ́ tí a ń rí lónìí. Ẹ fi psi mẹ́rin yẹn wé ìyàtọ̀ tó wà láàárín 35 àti 60.

Bí ìpèpadà ṣe ń lọ kò díjú. Ní kété tí ilé-iṣẹ́ bá ti gbà pé ọkọ̀ òun ní àléébù tó kan ààbò tàbí pé kò bá ìlànà mu, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ló ní láti fi sọ fún NHTSA, kó sì kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀ láàárín 60 ọjọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọkọ̀ tí kò bá tíì pé ọdún 15 tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ti àlẹ̀mọ́ rọrùn: wọ́n lè fi àlẹ̀mọ́ tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlànà bí wọn yóò ṣe lẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n ní kí oníbàárà gbé ọkọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ alágbàtà wọn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ fún un, kí wọ́n sì tún afẹ́fẹ́ sípíà ṣe lójú ẹsẹ̀.

Òfin fi àyè kan sílẹ̀ tó yẹ kí a mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà pé àṣìṣe òun kò lè pa ẹnikẹ́ni lára lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí NHTSA láàárín 30 ọjọ́, pé òótọ́ ni òun kò bá ìlànà mu, ṣùgbọ́n ohun náà kò kan ààbò. Àjọ náà yóò gbé ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún síta fún aráàlú láti sọ èrò wọn, yóò sì dá a lóhùn. Mi ò rí ohun tó burú nínú èyí. Bí àlẹ̀mọ́ bá sọ 33 dípò 35, tí táyà náà sì lè gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀ ní 33, ẹ̀bẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìdánwò tó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n náà nìyẹn: ṣé táyà yìí, ní iye afẹ́fẹ́ tí àlẹ̀mọ́ sọ, lè gbé ohun tí wọ́n ní kó gbé? Sípíà onígbà díẹ̀ tí wọ́n kọ iye táyà gidi fún kò lè yege nínú ìdánwò yẹn, ó sì dára pé ilé-iṣẹ́ máa ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà láìdúró kí jàǹbá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni lẹ́tà máa ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù lè má gbọ́ rárá, torí òfin àpapọ̀ tó ní kí àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun ṣàtúnṣe kí wọ́n tó tà á, tó sì de àwọn tó ń fi ọkọ̀ tó ju 35 lọ háyà, kò de ẹni tó ń ta àlòkù lọ́nà kan náà. Àmọ́ ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà wá a fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní VIN, ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ó sì wà ní igun gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí ìpèpadà tí wọn kò tíì ṣàtúnṣe rẹ̀ lórí ọkọ̀ náà gan-an, láìsan owó kankan.

Bí ó bá rí i pé ti táyà sípíà wà níbẹ̀, kó má fẹ́ táyà náà títí dé nọ́ńbà tó wà lára àlẹ̀mọ́ àtijọ́. Kó wo ìwé ìtọ́ni ọkọ̀, kó wo ara sípíà náà bóyá wọ́n kọ T àti 60 psi síbẹ̀, kó sì wo ohun tí lẹ́tà ìpèpadà sọ. Níwọ̀n ìgbà tó sì ti wà nídìí rẹ̀, kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nítorí 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, róbà sì ń gbó nínú búùtù bó ṣe ń gbó lójú títì. Kó má gbàgbé pé kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan ni eré tí sípíà kékeré kò gbọ́dọ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ì báà pé.

Nígbà tí àlẹ̀mọ́ tuntun bá sì dé, ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí, kó bo èyí tó ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ó rọrùn fún èèyàn láti lẹ ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kó sì fi méjèèjì sílẹ̀ síbẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, yóò bá 35 àti 60 lórí òpó kan náà, kò sì ní mọ èwo ni kí òun gbà gbọ́.